Kẹ̀kẹ́ ojú títì tó bá ara obìnrin mu: báwo ni kí n ṣe yàn án?

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ ní ìmọ̀ nípa kẹ̀kẹ́, mo kí gbogbo yín. Ọmọ tó bá ká ọwọ́ sókè ni wọ́n ń gbé, èmi náà wá ká ọwọ́ mi sókè síwájú yín lónìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ ọdún 41, ìlú Leeds ni mo sì ń gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kẹ́yìn ní agbolé wa ní Ìṣẹ́yìn, n kò fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà mọ́ títí di oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí dókítà ní kí n wá eré ìdárayá tí kò ní pa orúnkún mi lára. Kẹ̀kẹ́ ojú títì ni ọkàn mi lọ sí, irú èyí tó fúyẹ́, tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, nítorí pé ọ̀nà tó lọ sí Otley kò jìnnà sí ilé mi, àwọn obìnrin tó ń gun irú rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà náà lówùúrọ̀ Sátidé sì máa ń wù mí púpọ̀. Ìlú Otley yìí náà ni Lizzie Deignan, tó di aṣíwájú àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ obìnrin ní ọdún 2015, ti wá.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 52 yóò bá mi mu, ó sì fi kún un pé wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Mo san 900 pọ́n-ùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gùn ún tó ogójì ìṣẹ́jú, ìka ọwọ́ mi méjì tó kéré jù yóò kú, àárín èjìká mi yóò máa ro mí, ọrùn mi yóò le gan-an, bí mo bá sì ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ní láti na ìka mi tán pátápátá kí n tó lè kan bíréèkì. Èyí tó nira jù fún mi láti sọ ni pé ojú ara mi máa ń kú tipiri débi pé n kì í mọ nǹkan kan níbẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn tí mo bá délé. N kò lè sọ èyí fún ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ elésè-àlùkò kan hàn mí, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ obìnrin nìyẹn, pé ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn, 1,200 pọ́n-ùn. Àwọn tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní tiwọn ní kí n fara dà á, pé yóò mọ́ra. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mọ́ra? Ṣé kẹ̀kẹ́ obìnrin wà lóòótọ́, àbí ọ̀dà lásán ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè wọn ara mi nílé, kí n tó tún wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni, kí n lè mọ ohun tí mo ń bèèrè? Mo ga tó 160 sẹ̀ǹtímítà.

Alátùn-únṣe, Peckham

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni mo ń ṣe ní Peckham láti ọdún 19 sẹ́yìn, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yìí sì ni àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń sọ jù, bí wọ́n bá ti fọkàn tán mi débi tí wọ́n lè sọ ọ́.

Ẹ má fara dà á. Ìrora itan àti ti ìdí tó máa ń wá nítorí pé iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí ara máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ń kú, tí ojú ara kò sì mọ nǹkan kan mọ́, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, sùúrù kì í sì í wo ìyẹn sàn. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Àwọn tó ní kí ẹ fara dà á lè jẹ́ ẹni tí nǹkan ń dùn láìwí.

Nípa nọ́ńbà 52 yẹn, gígùn irin tí a ti ọ̀pá gàárì bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á tẹ́lẹ̀, láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí dé òkè irin náà, ní sẹ̀ǹtímítà. Láyé ìgbà tí irin òkè férémù, ìyẹn àwọn irin tó jẹ́ egungun kẹ̀kẹ́, tẹ́jú gbalaja, nọ́ńbà náà wúlò. Lónìí, irin òkè ti dagun sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń wọn tirẹ̀ dé, débi pé 52 ti iléeṣẹ́ kan lè jẹ́ 50 níbòmíràn, tàbí kí wọ́n kàn kọ S sí i lára. Ohun tí ẹ lè fi wé ara wọn láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì ni ìwọ̀n méjì tí wọ́n ń pè ní stack àti reach. Ẹ fojú inú fa ìlà kan tó dúró ṣánṣán láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí lọ sókè. Bí iwájú férémù ṣe ga tó sí ibi tí pẹ́dà ti ń yí ni stack, bí iwájú náà ṣe jìnnà tó sí ìlà yẹn sì ni reach. Gbogbo iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ń tẹ àtẹ ìwọ̀n wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò kẹ̀kẹ́ tí stack rẹ̀ ga, tí reach rẹ̀ kúrú, irú èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń pè ní endurance, kí ó má baà tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó ń díje.

Bí ẹ ó ṣe wọn ara yín nìyí. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ara, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà sí ara wọn bí 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ mú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le, ẹ fi sáàárín itan, kí ẹ̀yìn ìwé náà kọjú sókè, kí ẹ sì fà á sókè dáadáa títí tí yóò fi tẹ̀ yín bí ìgbà tí ẹ jókòó sórí gàárì. Àwọn ènìyàn máa ń tijú níbi, wọn kì í fà á tó, ìwọ̀n wọn a sì kéré. Kí ẹnì kan fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri níbi tí òkè ìwé náà dé, kí ẹ wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fi 0.883 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, ẹ ó rí bí gàárì yín ṣe yẹ kó ga tó láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Ìṣirò yìí ti pẹ́, láti ọ̀dọ̀ Cyrille Guimard àti Greg LeMond ni ó ti di mímọ̀ láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Bí ẹ bá fi 0.65 sọ nọ́ńbà kan náà di púpọ̀, ẹ ó rí ìwọ̀n férémù ní ọ̀nà àtijọ́, èyí tó ṣì wúlò bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ tún fi ara yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan láìjẹ́ pé ìbàdí yín yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá wá gbé iwájú ẹsẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, láàárín 25 sí 35 dígírì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí nìyẹn, nítorí pé gíga gàárì hàn sójú. Wàhálà tiyín kò sí níbẹ̀. Ìka tó ń kú, èjìká tó ń ro, bíréèkì tí ọwọ́ kò tó, gbogbo rẹ̀ ń sọ fún mi pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà jìnnà sí yín jù. Nígbà tí ẹ bá jókòó sórí gàárì, tí ẹ sì gbé ọwọ́ lé ibi tí bíréèkì ti yọ jáde, ìgúnpá yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ lè gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá méjì láìṣubú síwájú. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín ló ń ru ara yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti gàárì síwájú láti fi tún èyí ṣe. Orúnkún ni ipò gàárì wà fún, bí ẹ bá sì fi wá ìtura fún ọwọ́, orúnkún ni yóò san gbèsè náà. Irin kúkúrú tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ férémù, èyí tí à ń pè ní stem, ni a máa ń pààrọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ wọn ìbú èjìká yín náà, láti ṣóńṣó egungun kan sí èkejì, nítorí pé ìbú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ jù ú lọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 2025, nígbà tí UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé kéde pé láti ọdún 2026 ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ìdíje ojú títì kò gbọdọ̀ kéré sí 40 sẹ̀ǹtímítà láti ìta dé ìta, àwọn obìnrin tó ń díje wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fárígá, wọ́n ní èjìká ọ̀pọ̀ nínú àwọn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ àwọn ìwọ̀n yín síbí, kí n bá yín wò ó.

Ìyá Tolú, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Peckham ti sọ ti irin, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ yín máa ròkè. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ara, torí ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń tijú, kò sì yẹ kí ó tijú.

Ọmọ ọdún 53 ni mí. Mo máa ń gbéra ní Bódìjà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, n ó gba iwájú Yunifásítì kọjá sí Ọ̀jọ́ọ̀, kí àwọn dánfó tó gba gbogbo ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 56 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó dájú pé ọkùnrin gíga kan ló lò ó kí wọ́n tó kó o wá. Èmi náà fara dà á fún ọdún kan gbáko, ìyà yẹn sì jẹ́ ìyà tí n kò gbọdọ̀ jẹ rárá.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà ni páálí. Ẹ gé páálí oníhò nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e lé orí àtẹ̀gùn tàbí àpótí líle, kí ẹ jókòó lé e láìwọ aṣọ tó nípọn, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ìgbà tí ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá dìde, tí ẹ gbé páálí náà síbi ìmọ́lẹ̀ tó ń wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ojú kòtò méjì, ibi tí egungun ìdí yín tẹ̀ sí. Nígbà tí mo fi téèpù aránṣọ wọn tèmi láti àárín kòtò kan sí èkejì, mo rí 13 sẹ̀ǹtímítà àti díẹ̀, mo sì yí gàárì tí mo ti ń jókòó lé láti ọdún kan sójú: ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ kò kọjá 13. Ìyẹn ni pé etí gàárì gan-an ni egungun mi dúró lé, ẹran ara mi tó rọ̀ ló sì ń gbé gbogbo ìyókù. Gàárì tó bá ẹni mu gbọ́dọ̀ fi bíi 2 sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ ju àárín egungun méjèèjì lọ. Egungun yìí máa ń jìnnà sí ara wọn nínú àwa obìnrin ju ti ọkùnrin lọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n kí oníkálukú wọn tirẹ̀. Gàárì rírọ̀ kìtìkìtì kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀ o. Bó bá rọ̀ jù, egungun á rì wọlé, ìyókù á wá fún yín ní àárín gan-an níbi tí ẹ kò fẹ́. Èyí tó le díẹ̀, tó fẹ̀ tó, tí wọ́n gé àárín rẹ̀ sílẹ̀, ni ó tù mí lára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù, kí ẹ má sì wọ pátá sí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbà fún ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ojúrán pátá ni ó ń ha ara. Ìpara tí wọ́n ṣe fún un wà, ẹ fi pa ibi tí ó bá ń ha yín. Ẹ má sì fá irun ibẹ̀. Ṣáájú ìdíje Òlíḿpíìkì ti Rio ní ọdún 2016, British Cycling, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ ní Britain, kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ lórí ìrora gàárì tó ń bá àwọn obìnrin tó ń díje fún wọn fínra. Ọ̀kan lára ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irun fífá, torí irun náà ń dáàbò bo awọ ara. Ní ọdún kan náà ni UCI gbà kí wọ́n máa tẹ orí gàárì wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí dé 9 dígírì. Àwọn akọni tó gba góòlù náà ní ìrora yìí, Àbẹ̀kẹ́, wọn kò sì sọ ọ́ àfi ìgbà tí ẹnì kan bi wọ́n léèrè. Ìwọ kò nílò 9. Bẹ̀rẹ̀ láti orí gàárì tó tẹ́jú, kí o tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ ní dígírì kan, lẹ́yìn náà méjì. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàá máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí Ẹ̀gbọ́n Peckham kò tíì fọwọ́ kàn, bóyá kẹ̀kẹ́ obìnrin wà lóòótọ́.

Ó wà, ó sì ní ìtàn. Georgena Terry, obìnrin ẹlẹ́rọ kan ní ìpínlẹ̀ New York, ni ó dá iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní ọdún 1985, lẹ́yìn tí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó férémù pọ̀ nílé. Ó rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ fún ènìyàn kúkúrú, wọ́n kàn máa ń gé irin tó dúró, wọ́n á fi gígùn iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, torí táyà ńlá kò fi àyè sílẹ̀. Ó wá fi táyà kékeré tó jẹ́ 24 ínǹṣì sí iwájú, ó fi èyí tó tóbi sílẹ̀ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ náà sì kúrú lóòótọ́. Ní ọdún 2008, Bonnie Tu ní iléeṣẹ́ Giant ti Taiwan dá Liv sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nìkan. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2020 tó dé, Specialized, tí ó ra iléeṣẹ́ Retül tó ń wọn àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ọdún 2012, sọ pé ìwọ̀n tí àwọn kó jọ fi hàn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín obìnrin kan sí obìnrin kejì ju èyí tó wà láàárín obìnrin àti ọkùnrin lọ. Wọ́n pa férémù obìnrin rẹ́, wọ́n ń ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí férémù. Èmi fúnra mi ga tó 171, ẹsẹ̀ mi kúrú, òkè ara mi gùn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè ní ti ọkùnrin ló bá mi mu jù. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ kọ èyí tí wọ́n kọ obìnrin sí lára láìwò ó. Lára èyí tó bá kéré, wọ́n sábà máa ń ti ìbẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tóóró, stem kúkúrú, apá pẹ́dà (irin tó gbé pẹ́dà dání) tó jẹ́ 165 mìlímítà dípò 170, àti gàárì tó fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ra ti gbogbogbòò yóò wá máa ra ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, owó náà yóò sì gorí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ elésè-àlùkò nìkan ni wọ́n fi kún un, kí ó kọjá lọ.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá Tolú, ọ̀rọ̀ yín mú kí n sunkún díẹ̀, nítorí pé n kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń rí ohun tí mo ń rí.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi sàmì sí ògiri. Láti àárín itan dé ilẹ̀, 75 sẹ̀ǹtímítà ni lẹ́ẹ̀mejì, 75 ó lé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Èjìká mi jẹ́ 36. Kòtò orí páálí jìnnà sí ara wọn ní 13 gééré. Lára kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó 42, stem rẹ̀ jẹ́ 100 mìlímítà, apá pẹ́dà jẹ́ 170. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí gàárì tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, irin òkè férémù ń kàn mí lábẹ́. Ṣé a lè tún un ṣe, àbí kí n tà á?

Alátùn-únṣe, Peckham

Ẹ tà á, àbúrò mi. Ó dùn mí láti sọ ọ́, mo mọ bí owó ṣe ń ṣòro.

75 lọ́nà 0.65 jẹ́ 48.75, ìyẹn ni pé férémù 48 tàbí 49 ni ẹ nílò, S kékeré tàbí XS gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ bá ṣe kọ ọ́. Gàárì yín yẹ kó wà ní 66.2 sẹ̀ǹtímítà. Mo lè yọ stem 100 kúrò kí n fi 80 sí i, yóò mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sún mọ́ yín ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ṣùgbọ́n bí a bá gé e kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdarí kẹ̀kẹ́ yóò máa gbọ̀n. Kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí irin òkè tó ń kàn yín. Ó yẹ kí àyè tó tó 2 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, wà láàárín rẹ̀ àti yín, kí ẹ lè rí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lójijì láìfarapa. Aránṣọ lè gba aṣọ tó tóbi wọlé, férémù tó tóbi kò ṣeé gbà wọlé.

Kí ẹ tó tún náwó, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì owó oṣù yín bóyá wọ́n ń kópa nínú Cycle to Work. Láti ọdún 1999 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀. Wọ́n á yọ owó kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù yín kí wọ́n tó yọ owó orí, ohun tí yóò kù lọ́wọ́ yín kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n yín sí dání, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gùn ún jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òkè kan wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n pààrọ̀ stem àti gàárì kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ẹ wò ó bóyá férémù náà gba táyà tó fẹ̀ tó 28 tàbí 32 mìlímítà, ọ̀nà Yorkshire kò tẹ́jú. Ẹ sì wo jíà: eyín 34 níwájú, eyín 34 lẹ́yìn, kí òkè Chevin tó wà ní Otley má baà lé yín padà. Bí ẹ bá ń yí kọ́nà díẹ̀díẹ̀ lórí férémù kékeré bẹ́ẹ̀, ìka bàtà yín lè kan táyà iwájú. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ń sáré, ẹ kàn mọ̀ pé ó wà. Lábẹ́ rọ́bà tó bo ìdí bíréèkì, skúrúù kékeré kan máa ń wà tó ń fa ọ̀pá bíréèkì sún mọ́ ìka. Ẹ ní kí wọ́n yí i lójú yín.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ta èyí àkọ́kọ́ ní 560 pọ́n-ùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga jù mí lọ dáadáa, ó bá a mu. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo lọ. Ní ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó gba ìwé ìwọ̀n mi, ó kà á tán, ó sì lọ gbé kẹ̀kẹ́ méjì jáde láìwo àwọ̀ wọn. 48 ni mo mú, aláwọ̀ ewé ni, kò sí obìnrin tàbí ọkùnrin lára rẹ̀. Ó ti ní apá pẹ́dà 165. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 40, ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí 38, ó fi stem 80 sí i, ó fi gàárì 155 mìlímítà tí àárín rẹ̀ là dípò èyí tó wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Otley, mo sì padà. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè náà, ìka kan ṣoṣo ni mo fi di bíréèkì mú, mo sì gbọ́ ohùn ẹyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ohun tí n kò gbọ́ rí níbẹ̀ torí ẹ̀rù tó máa ń bà mí. Ọwọ́ mi kò kú. Ibi tó kù náà kò kú, Ìyá Tolú. Ohun kan ló kù: iwájú orúnkún mi òsì máa ń ta mí díẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, lábẹ́ eegun róbótó yẹn gan-an. Orúnkún yìí ni dókítà tìtorí rẹ̀ rán mi, n kò fẹ́ fi ṣeré.

Alátùn-únṣe, Peckham

Inú mi dùn púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ iwájú orúnkún ló ń ta yín, gàárì ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ jù díẹ̀ tàbí kó sún síwájú jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún ni, ó ga jù. Ẹ tún wọn gíga rẹ̀ ná, ọ̀pá gàárì tuntun a máa yọ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí kò bá tó 66.2 mọ́, ẹ dá a padà síbẹ̀, ẹ fi ilẹ̀mọ́ sàmì sí ọ̀pá náà. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbé e sókè ní mìlímítà 3 péré, kí ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ lo jíà tó fúyẹ́ láàárín ìgbà náà. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín.

Bí ẹ bá sì ti mú irinṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wo àwọn bóòtù stem tí wọ́n pààrọ̀ yẹn. 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù le) ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára irin náà gan-an. Ẹ má fi agbára ọwọ́ lásán fún un.